Desktop ni àbí laptop? Iná ṣọ́ọ̀bù rẹ ni kó o kọ́kọ́ kà

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ dísáìnì ni mò ń ṣe ní Òṣogbo, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, bánà, mo sì tún máa ń bá àwọn ọmọ iléèwé tẹ project. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní desktop ni kí n rà, wọ́n ní laptop kì í gbé Corel, ètò tá a fi ń ṣe dísáìnì. Ọkọ mi ní laptop ni, wọ́n ní desktop á máa jẹ iná bíi fìríìsà. Iná àdúgbò wa, tó bá ṣe dáadáa, wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ni, jẹ̀nẹ́ kékeré kan wà ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ mi ṣì kéré, torí náà alẹ́ nílé ni mo máa ń parí iṣẹ́ tó bá kù. Owó ọwọ́ mi ò ju #400,000 lọ. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà?"

Àbúrò mi, o kú oríire ṣọ́ọ̀bù tuntun, Ọlọ́run á jẹ́ kó tù ẹ́ lára. Inú mi dùn sí bó o ṣe kọ ìbéèrè yìí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bi mí kì í sọ nǹkan kan nípa iná tàbí ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á kàn ní ẹ̀gbọ́n èwo ló dáa jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò sí bí mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó dáa láìmọ ẹni tó fẹ́ lò ó àti ibi tó máa lò ó sí. Ọ̀gá rẹ ò parọ́, ọkọ rẹ náà ò parọ́, ohun tí àwọn méjèèjì mọ̀ ló ti pẹ́ díẹ̀. Bí mo sì ṣe ka ọ̀rọ̀ rẹ, kì í ṣe èwo ló lágbára jù ló ń dà ẹ́ láàmú, ẹ̀rù tó ń bà ẹ́ ni pé kó o má lọ kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ lé nǹkan tó máa jókòó sórí tábìlì láìṣiṣẹ́ lọ́sàn-án gangan nígbà tí kọ́sítọ́mà bá dúró sí ẹ lọ́rùn, tàbí kó o ra èyí tó máa há mọ́ ẹ lọ́wọ́ tó o bá ṣí fáìlì bánà ńlá. Ìyẹn ni mo fẹ́ tú wò, mo sì máa sọ èyí tí èmi á rà tó bá jẹ́ pé èmi ni mo wà ní ipò rẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ. Ọ̀rọ̀ pé laptop kì í gbé Corel, ìgbà tí laptop ọwọ́ wa jẹ́ mẹ́móòrì 2GB tàbí 4GB ló ti bẹ̀rẹ̀, tí inú rẹ̀ sì jẹ́ hard disk tó ń yí, o máa ṣí Corel, o máa lọ fọ abọ́, o máa padà wá bá a níbi tó wà. Nígbà yẹn òótọ́ ni. Àmọ́ kì í ṣe pé ó jẹ́ laptop ló fà á, mẹ́móòrì tó kéré àti hard disk tó lọ́ra ló fà á, desktop tó bá ní irú mẹ́móòrì bẹ́ẹ̀ náà máa há. Lónìí laptop tó bá ní mẹ́móòrì 16GB àti SSD (èyí tó rọ́pò hard disk, tí kì í yí, tó sì yára jù ú lọ) máa gbé Corel, á gbé Photoshop sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìwé ètò ìsìnkú olójú ewé 24 tó kún fún fọ́tò bàbá àti ọmọ àti ọmọ-ọmọ ò ní dá a dúró. Kí n tún sọ èyí níbí torí mo máa ń rí i lọ́wọ́ àwọn dísáínà púpọ̀: nígbà míì kọ̀ǹpútà ò lẹ́ṣẹ̀ rárá, bánà ẹsẹ̀ 10 sí 8 ni èèyàn gbé kalẹ̀ ní 300 dpi (ìyẹn àmì 300 nínú ínṣì kan) ní bó ṣe tóbi gan-an, kò sí ẹ̀rọ tí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ò ní rọ̀ lórí. Bánà tí àwọn èèyàn máa wò láti òdìkejì títì, 72 sí 100 dpi ti tó o, 300 yẹn ìwé ìpè tí wọ́n ń mú dání ló ni ín.

Ibi tí ọ̀gá rẹ ti jàre ni pé desktop àti laptop tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, agbára wọn ò dọ́gba. Ẹni tó ń tajà á ní "i5 ni yìí, i5 nìyẹn náà", i5 yẹn ni orúkọ processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Wò ó, i5-8250U tó wà nínú laptop, core 4 ló ní (core ni apá tó ń ṣe iṣẹ́ nínú processor), wọ́n sì ṣe é kó máa lo wátì 15, torí inú laptop kéré, ooru ò rí ibi sá sí. i5-8500 tó wà nínú desktop tí wọ́n jọ jẹ́ 8th gen (ìran kẹjọ), core 6 ni, wátì 65 ni wọ́n ṣe é fún, ó sì ní ààyè àti fáànù ńlá tó ń fẹ́ sí i. Tó o bá fẹ́ export ìwé olójú ewé púpọ̀ sí PDF, tàbí o fi ẹ́fẹ́ẹ̀tì bíi mélòó kan sórí fọ́tò ńlá, desktop yẹn máa ṣáájú, ó sì máa ṣáájú jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sàn-án oṣù Kẹta tí páànù orí ṣọ́ọ̀bù ti gbóná, torí tí ooru bá ti mú laptop ṣe ló máa ń dín ìyára ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Nítorí náà fún owó kan náà, desktop ló máa fún ẹ ní agbára púpọ̀ jù. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni pé ṣé agbára yẹn lo nílò. Ìwé ìpè, bánà, ètò ìsìnkú àti títẹ project, kò dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ fídíò lò ń gé ni, tàbí 3D àwọn ayàwòrán ilé, ìdáhùn mi á yàtọ̀ pátápátá.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ i7 náà torí ó ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Sítíkà i7 tó wà lára laptop ò sọ ọdún tí wọ́n ṣe é fún ẹ. i7-3520M, 3rd gen ni, core 2 péré ló ní, i5-8250U tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan máa já a sílẹ̀ láìlàágùn. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé "i5-" tàbí "i7-" yẹn ni kó o máa wò: tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3, ti ayé àtijọ́ ni, tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6 tàbí 7, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tó bá jẹ́ 8 lọ sókè, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó o dúró sí. Ìdí rẹ̀ ni pé Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì rèé, 8th gen ni Intel tí wọ́n gbà ti bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ wa lọ́jà mọ bí wọ́n ṣe ń fi tipátipá gbé Windows 11 lé 6th gen lórí, ó máa ń ṣiṣẹ́ náà, àmọ́ Microsoft ò ṣèlérí pé update á máa wá sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó sì fẹ́ fi kọ̀ǹpútà jẹun fún ọdún mẹ́rin, márùn-ún ò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Ní ti laptop, HP EliteBook 840 G5, Lenovo ThinkPad T480, Dell Latitude 7490, àwọn ẹgbẹ́ 8th gen nìyẹn, wọ́n pọ̀ dáadáa lára tòkunbọ̀ tó ń wọlé, ihò mẹ́móòrì wọn jẹ́ méjì, èèyàn lè fi kún un. Àmọ́ wọ́n ṣe díẹ̀ nínú àwọn náà pẹ̀lú 7th gen, torí náà nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀rọ gan-an ni kó o gbà gbọ́, má gba ti orúkọ.

Ó ku ti ọkọ rẹ. Desktop tó ń jẹ iná bíi fìríìsà, ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá ni àwọn mọ́nítọ̀ onídìí ńlá ayé ọjọ́un, ìyẹn nìkan ń lo bíi wátì 80 sí 100, ẹ tún wá fi processor ìgbà yẹn tó ń gbóná kún un. Ohun kejì tó ń dẹ́rù bani ni 240W tàbí 300W tí wọ́n kọ sára power pack tó wà lẹ́yìn desktop. Ohun tó lè gbé nìyẹn o, kì í ṣe ohun tó ń jẹ. Desktop ọ́fíìsì lásán pẹ̀lú mọ́nítọ̀ LED 22-inch, tó o bá ń ṣiṣẹ́ Corel lórí rẹ̀, fi gbogbo rẹ̀ sí bíi wátì 100, nígbà míì á lọ sókè díẹ̀, nígbà míì tó o bá kàn ń tẹ̀wé á sọ̀ kalẹ̀. Laptop, fi sí wátì 20 sí 30. Tó bá jẹ́ iná NEPA lò ń lò, wátì 100 fún wákàtí 8 kò tó yúnìtì kan. Kódà ní Band A, níbi tí wọ́n ti gbé yúnìtì dé #225 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 (ó ti sún síwá sẹ́yìn díẹ̀ látìgbà náà), kò tó #200 lójúmọ́. Ẹni tó bá wà níbi tí iná ń dúró wákàtí 20 lójúmọ́ bí wọ́n ṣe ṣèlérí fún Band A, tó sì ní ṣọ́ọ̀bù tí kì í gbé iṣẹ́ kúrò níbẹ̀, kò sí ohun tó ń fi laptop ṣe, kó ra desktop.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí iná ò bá sí, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ kà dáadáa. Jẹ̀nẹ́ kékeré, I-pass-my-neighbour yẹn, bóyá tẹlifóònù lo fi ń gba ṣájì lára rẹ̀ o, bóyá desktop àti fáànù ni, epo tó ń mu ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, torí ẹ́ńjínnì yẹn ní láti máa yí náà ni. Tánkì rẹ̀ ń gba bíi lítà 4, ó sì máa ń lò ó tán láàárín wákàtí mẹ́fà, bóyá ó lé díẹ̀. Nítorí náà àwọn tó ń sọ pé laptop ń dín epo kù torí pé wátì rẹ̀ kéré, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dín epo kù lára laptop ni pé èèyàn lè PA jẹ̀nẹ́ kó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ìwọ gan-an. O ṣí ní aago mẹ́jọ, o tì ní aago mẹ́fà, wákàtí 10 nìyẹn. Nínú iná wákàtí mẹ́fà tẹ́ ẹ ń rí, òru ń kó níbẹ̀, ká sọ pé mẹ́ta ló bọ́ sí àsìkò ṣọ́ọ̀bù. Ó ku wákàtí 7. Tó bá jẹ́ desktop, jẹ̀nẹ́ máa wà lórí ìdúró wákàtí 7 yẹn, lítà 4 lé nìyẹn. Tó bá jẹ́ laptop, wàá tan jẹ̀nẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́ta àbọ̀ ní ìdá méjì, á gba ṣájì, wàá pa á, wàá máa fi bátìrì ṣe é lọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi lítà 2 lójúmọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ 26 lóṣù, lítà 52. Tá a bá fi lítà kan sí #900, tí ìwọ náà mọ̀ pé ó ń gòkè ó ń sọ̀, #46,800 nìyẹn lóṣooṣù. Kó tó pé oṣù mẹ́sàn-án, owó kọ̀ǹpútà mìíràn ti jó lọ nínú epo. Ṣáájú ọdún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìṣirò yìí ò tó nǹkan tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí, mo sì rò pé ìgbà yẹn ni ọ̀gá rẹ ti ṣe tiwọn.

Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu dídùn ta bátìrì fún ẹ o. Ẹni tó ń ta laptop tòkunbọ̀ á ní wákàtí 6 ló ń lò, kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì laptop 14-inch irú àwọn tí mo dárúkọ yìí máa ń jẹ́ bíi 50Wh (ìyẹn ni pé ó lè gbé wátì 50 fún wákàtí kan) nígbà tó ṣì tuntun, ti tòkunbọ̀ lè ti sọ̀ dé 30. Tí Corel bá wà lórí rẹ̀, wákàtí kan àbọ̀ sí méjì lo máa rí, kó o sì dúpẹ́. Àṣírí ẹ̀ wà ní ṣíṣí, má kàn wo àmì bátìrì ní ìsàlẹ̀ skríìnì. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, tẹ bọ́tìnnì Windows, kọ cmd, tẹ Enter, ojú dúdú kan á ṣí. Kọ powercfg /batteryreport síbẹ̀, tẹ Enter. Á sọ ibi tó fi fáìlì kan sí fún ẹ, ṣí fáìlì yẹn, wá ibi tí wọ́n kọ DESIGN CAPACITY àti FULL CHARGE CAPACITY sí, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Èkíní ni bó ṣe rí nígbà tí wọ́n ṣe é, èkejì ni bó ṣe rí lónìí. Tí èkíní bá jẹ́ 50,000 tí èkejì jẹ́ 38,000, ó dáa. Tí èkejì bá jẹ́ 17,000, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì tàbí kí wọ́n yọ owó rẹ̀ kúrò. Gbogbo ẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ẹni tó bá ní kó o má ṣe é, kúrò níwájú ẹ̀. Nítorí bátìrì yìí gan-an ni mo ṣe fẹ́ràn T480 fún ẹni tó wà ní ipò rẹ: bátìrì méjì ló ní, ọ̀kan wà nínú, ọ̀kan wà níta tó ṣeé yọ, o lè yọ tìta kó o fi òmíràn tó ti kún sí i láìpa kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ra bátìrì ìta kan kún un, tó ń gba ṣájì rẹ̀ nílé lóru, ọ̀sán á gùn fún un.

Ọ̀nà kẹta kan wà tí ọkọ rẹ àti ọ̀gá rẹ ò mẹ́nu bà, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ẹ. Desktop kékeré wà, tí kò tóbi ju ìwé dictionary lọ, HP EliteDesk 800 G4 mini, OptiPlex 3060 Micro, ThinkCentre M720q. Ṣájà bíi ti laptop ló ń lò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, lẹ́tà T ló wà ní ìparí nọ́ńbà processor wọn, bíi i5-8500T, wátì 35 ni wọ́n ṣe é fún, core 6 ṣì wà níbẹ̀. Tó o bá fi mọ́nítọ̀ tí ń jẹ wátì 20 tì í, gbogbo rẹ̀ á wà ní bíi wátì 45 sí 55, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti laptop. Tó bá jẹ́ pé o ní inverter kékeré kan pẹ̀lú bátìrì 12V 100Ah, tá a lo ìdajì bátìrì yẹn nìkan kó má baà tètè kú, tá a yọ ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ kúrò, bíi 500Wh ló kù. Desktop ńlá á lo ìyẹn fún wákàtí 5. Desktop kékeré tàbí laptop tó ní mọ́nítọ̀ á lò ó fún bíi wákàtí 10, ìyẹn ni pé ọjọ́ iṣẹ́ rẹ pé láìtan jẹ̀nẹ́. Àní kí n sọ ọ́ gbangba, tó o bá ti ní inverter ni, desktop kékeré yìí ni mi ò bá ní kó o rà láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ inverter ò sí, #400,000 ò sì lè ra méjèèjì kó dáa. Bẹ́ẹ̀ desktop kékeré yẹn, bó ti wù kó mọ́ iná lò tó, iná ń lọ báyìí ó kú báyìí.

Kíkú òjijì yẹn ló wá ń ba nǹkan jẹ́ jù. Corel tó wà ní ṣíṣí, tó ń save lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ, fáìlì yẹn lè má ṣí mọ́ láé, mo ti rí ẹni tó tún ètò ìsìnkú kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní òru ọjọ́ ìsìnkú ku ọ̀la. Lọ sí Options inú Corel, wá Auto-Backup, sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 5, ìyẹn fún ẹni tó ń lo èyí tó wù kó jẹ́. UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró tí iná bá lọ, ni ìwòsàn rẹ̀ fún desktop, àmọ́ UPS 650VA tí gbogbo wa ń rà, bátìrì kékeré 12V bíi 7Ah ló wà nínú ẹ̀. Desktop ńlá á rí bíi ìṣẹ́jú 10 sí 20 nínú rẹ̀, èyí tó tó láti save kó o sì pa á jẹ́jẹ́, kì í ṣe láti ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì bátìrì yẹn á ti kú, á wá di búlọ́ọ̀kù lásán lábẹ́ tábìlì, ọ̀pọ̀ ò ní mọ̀ títí ọjọ́ tí iná bá lọ. Ọ̀pọ̀ UPS ni kì í sì í gba iná jẹ̀nẹ́ kékeré, torí iná yẹn ò dúró lójú kan, á kàn máa dún ta-ta-ta, á máa jẹ bátìrì ara rẹ̀ lọ. Laptop ò ní gbogbo wàhálà yìí, bátìrì rẹ̀ ni UPS rẹ̀, ṣájà rẹ̀ sì ń gba 100V dé 240V, nítorí náà iná tó rẹlẹ̀ tó ń mú gílóòbù pọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ò dí i lọ́wọ́. Àti pé ẹni tó bá fẹ́ ra desktop tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ń wọ̀, tí bọ́tìnnì pupa kékeré bá wà níbẹ̀ tó wà lórí 115, ẹ fi ìdí bírò tì í sí 230 kẹ́ ẹ tó ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ariwo pọ́ọ̀ kan àti èéfín ni, power pack ti lọ. Àwọn tuntun púpọ̀ ò ní bọ́tìnnì yìí mọ́, àwọn fúnra wọn ló ń mọ iná tó wọlé.

Ibi tí laptop ti máa rẹ̀ ẹ́ ni ojú àti ọrùn, má fojú kéré rẹ̀ nínú iṣẹ́ tìẹ yìí. Skríìnì 14-inch kéré fún bánà, wàá máa sún un mọ́ra, wàá máa sún un sẹ́yìn lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ skríìnì laptop ọ́fíìsì ni àwọ̀ wọn ò sì kún, pupa á dà bí ọsàn, wine á dà bí dúdú, ìwọ á sì ti fọwọ́ sí i, ilé ìtẹ̀wé á tẹ̀ ẹ́, ìyá ìyàwó á wá ní kì í ṣe àwọ̀ aṣọ ẹbí àwọn rèé. Ta ló máa san owó ìwé ìpè 300 nígbà yẹn? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo dísáínà pé kí wọ́n ra mọ́nítọ̀ IPS (irú skríìnì tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń sún mọ́ òótọ́) 22 tàbí 24-inch, tòkunbọ̀ náà tó, kí wọ́n fi wáyà HDMI tàbí DisplayPort so laptop mọ́ ọn, kí wọ́n fi kíbọ́ọ̀dù àti máọ̀sì gidi ṣiṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù ó ti di desktop, ní alẹ́ o yọ wáyà méjì, o gbé e lọ sílé. Kíbọ́ọ̀dù ìta yẹn tún ń gba laptop là lọ́wọ́ ohun tó ń pa á jù nínú ṣọ́ọ̀bù wa, omi, zobo àti ọmọ ọlọ́dún méjì. Tí zobo bá dà sórí kíbọ́ọ̀dù desktop, wàá ra òmíràn ní owó táṣẹ́rẹ́. Tó bá dà sórí ti laptop, ó lè wọ mọ́ńbọ́ọ̀dù.

Ní ti àtúnṣe, desktop ló gbayì, kí n má tàn ẹ́. Mẹ́móòrì rẹ̀ kú, power pack rẹ̀ kú, ẹni tó bá mọ ìdí ẹ̀ á pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ lórí tábìlì rẹ. Laptop tí ihò ṣájì rẹ̀ bá mì tàbí tí mọ́ńbọ́ọ̀dù rẹ̀ bá lọ, ó lè wà lọ́wọ́ àwa tó ń tún un ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì tún jẹ́ pé kò ní jí mọ́. Olè náà ń bẹ: desktop ò ṣeé gbé sá, laptop ṣeé já gbà. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ò tíì lágbára, mo fẹ́ kí irinṣẹ́ rẹ máa bá ẹ lọ sílé lálẹ́. Fi rìsíìtì rẹ̀ sínú báàgì laptop yẹn, ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù náà, kó o rí nǹkan fi hàn tí ẹnikẹ́ni bá dá ẹ dúró lójú ọ̀nà.

Nítorí náà èmi, fún ìwọ yìí, laptop ni. Laptop 8th gen, 16GB, SSD 256GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ kan, kíbọ́ọ̀dù àti máọ̀sì. Mi ò ní kọ iye owó sílẹ̀ torí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọjà ń yí, tí èmi bá kọ ọ́ lónìí wọ́n á fi ṣe ẹ̀sìn fún ẹ lọ́jà lọ́la. Tí owó ò bá tó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ra laptop pẹ̀lú 8GB ná, fi mẹ́móòrì kún un lẹ́yìn iṣẹ́ bíi mélòó kan, àmọ́ má ṣe sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní 8th gen nítorí kó o lè ra mọ́nítọ̀, mọ́nítọ̀ ò sá lọ. Ohun méjì ló lè mú mi yí ìmọ̀ràn yìí padà. Èkíní, tí ẹnì kan bá fún ẹ ní inverter tàbí sólà, lọ sí desktop kékeré. Èkejì, tí ò bá sí iṣẹ́ alẹ́ nílé mọ́, tí àwọn ọmọ ti dàgbà, a lè tún ọ̀rọ̀ desktop gbé yẹ̀ wò. All-in-one, kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀ wà lẹ́yìn skríìnì, tí wọ́n máa tì sí ẹ lọ́wọ́ lọ́jà torí pé ó rẹwà, má dá wọn lóhùn: kò ní bátìrì bíi laptop, kò sì rọrùn tún ṣe bíi desktop, skríìnì ẹ̀ lọ gbogbo ẹ̀ lọ.

Tó o bá lọ rà á, bóyá Òṣogbo níbẹ̀ o tàbí o ní ẹni tó máa bá ẹ dé Computer Village ní Ìkẹjà, pa á kó o tún un tàn fúnra rẹ. Bó ṣe ń tàn bọ̀, máa tẹ F10 tó bá jẹ́ HP, F2 tó bá jẹ́ Dell, F1 tó bá jẹ́ ThinkPad, títí ojú BIOS (ètò inú ẹ̀rọ tó máa ń ṣí kí Windows tó wọlé) á fi ṣí. Tó bá bèèrè password tí ẹni tó ń tà á ò mọ̀, fi í sílẹ̀ o. Ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ni wọ́n ti lò ó, wọ́n ti tì í pa, ọjọ́ tí nǹkan bá ṣe é o ò ní lè tún un ṣe. Ṣí Task Manager, wo Performance, orúkọ CPU àti iye mẹ́móòrì wà níbẹ̀ kedere. Ṣí i, pa á dé, gbọ́ bóyá ìdí skríìnì ń ké. Tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi wáyà ṣájà díẹ̀ nígbà tó ń gba iná, tó bá ń lọ tó ń bọ̀, ihò rẹ̀ ti bàjẹ́.

O ò bèèrè ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ printer, àmọ́ mo mọ̀ pé òun ló kàn, torí àwọn ọmọ project ò ní fẹ́ kó o rán àwọn síbòmíì. Printer laser máa ń fa ọgọ́rùn-ún wátì lọ́nà bíi mélòó kan nígbà tó bá ń gbóná láti tẹ̀, nígbà míì ó ń súnmọ́ 1,000, nítorí náà má ki í bọ UPS láé, má sì ki í bọ inverter kékeré, jẹ̀nẹ́ kékeré yẹn gan-an á máa ráhùn, iná inú ṣọ́ọ̀bù á máa ṣẹ́jú. Inkjet oní-táńkì, irú Epson L-series, kò ju bíi wátì 15 lọ tó bá ń tẹ̀wé, jẹ̀nẹ́ rẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Tó o bá ti ní owó rẹ̀ lọ́wọ́, kọ̀wé sí mi kó o tó lọ rà á, sọ iye ojú ewé tó o rò pé wàá máa tẹ̀ lọ́jọ́ kan, ká jọ wò ó.